Òkìtì Lidar àti Ìdílé Ọba Hítì



Ta ni kò gbọ́ nípa Ùráyà ará Hítì, tí Dáfídì gba ìyàwó rẹ̀? Àwọn ará Hítì ti ní ìjọba ńlá rí ní ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí. Hattusa ni olú-ìlú wọn, wọ́n sì bá Íjíbítì jagun. Ní nǹkan bí ọdún 1180 ṣáájú ìbí Kristi, ìjọba náà wó. Ibo wá ni ìdílé ọba wọn gbà?

Lidar Höyük ló dá wa lóhùn. Òkìtì ni, ní bèbè odò Yúfírétì níhà ìlà-oòrùn, ní agbègbè Şanlıurfa. Ọwọ́ èèyàn ló mọ ọ́n. Bí ilé amọ̀ bá wó, wọ́n á tẹ́ àlàpà rẹ̀, wọ́n á kọ́ òmíràn lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí ilẹ̀ fi ga di òkè.

Ìjọba Tọ́kì fẹ́ sé odò náà fún iná mànàmáná àti omi oko, ó sì dájú pé òkìtì náà yóò rì. Harald Hauptmann, awalẹ̀pìtàn ará Jámánì, kó ikọ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ẹ láti 1979 sí 1987. Ní 1985, wọ́n rí amọ̀ tí wọ́n tẹ èdìdì mọ́. Èdìdì Kuzi-Teshub ni, ọba ìlú Karkemiṣi, ọmọ Talmi-Teshub.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi wo èyí. Suppiluliuma Kìíní, ọba Hítì, ló fi ọmọ rẹ̀ jẹ ọba Karkemiṣi ní ọ̀rúndún kẹrìnlá ṣáájú ìbí Kristi. Ìran ọmọ yẹn ni Talmi-Teshub, ẹni tó jọba nígbà tí ọba tó kẹ́yìn wà lórí ìtẹ́ ní Hattusa. Bí Kuzi-Teshub bá wá jọba lẹ́yìn baba rẹ̀, a jẹ́ pé Hattusa ló wó, ìdílé Suppiluliuma kò run. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn olórí kan ní Malatya ti kọ ọ́ sára òkúta pé ọmọ-ọmọ Kuzi-Teshub, Ọba Ńlá, ni àwọn. Èdìdì Lidar ló jẹ́ ká mọ ọmọ ẹni tí baba ńlá wọn í ṣe. Ẹyọ amọ̀ tó lè wọ inú àtẹ́lẹwọ́ ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀!

Ní 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi kún ìsédò náà, tí wọ́n pè ní Atatürk. Adágún rẹ̀ tó kìlómítà 817 níbùú lóròó. Ó gbé Lidar mì, ó gbé ìlú Samsat àtijọ́ náà mì, àwọn ará ibẹ̀ sì kó lọ sí Samsat tuntun. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìsédò. Ẹ̀rọ rẹ̀ lè pèsè mẹ́gáwáàtì iná 2,400, pẹ̀tẹ́lẹ̀ Harran sì ń rí omi fi dáko. Àmọ́ ìwọ̀nba ni wọ́n rí gbẹ́ nínú òkìtì náà. Ohun tó kù níbẹ̀ ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé ìsédò tàbí ti ọ̀nà márosẹ̀ wá fún yín láti fọwọ́ sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àwọn awalẹ̀pìtàn ti débẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní ọdún tó pọ̀ tó kí katakata tó wọlé.