Ìmúrasílẹ̀ Ọmọ Tí Yóò Tọ́jú Aláìsàn



Púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wa ni ó ń wí pé iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni àwọn yóò ṣe. Ìfẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò tó. Ará Samáríà inú Ìhìnrere ṣàánú ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà ṣe léṣe. Síbẹ̀ ó da òróró àti wáìnì sí ojú ọgbẹ́ náà, ó sì dì í. Àánú rẹ̀ ní ìmọ̀ nínú.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ara ọmọ kan gbóná. Ó wọn kílò 12. Mílígíráàmù 15 parasetamọ́ọ̀lù fún kílò kọ̀ọ̀kan ni a óò fún un lẹ́ẹ̀kan: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Bí 120 bá wà nínú mílílítà 5 oògùn olómi náà, mílílítà 7,5 ni ọmọ náà yóò mu. Ẹni tí kò bá rí àmì kékeré tí ó wà láàrin 7 àti 5 lè fún un ní 75! Ìṣirò tí à ń sá fún ní kíláàsì, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀. Abájọ tí Florence Nightingale, tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ olùtọ́jú aláìsàn sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní London ní 1860, fi jẹ́ ọ̀jáfáfá nínú ìṣirò.

Nítorí náà, kí ọmọ má ṣe dúró di ọdún ìdánwò. Láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kí ó ti mú ìṣirò, kẹ́mísírì àti ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí ní ọ̀kúnkúndùn. Kí ó gbọ́ Faransé yékéyéké, nítorí èdè náà ni yóò fi ka ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ní Benin àti Togo. Bí ó bá dé líísè, kí ó yan ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì; BAC D bá iṣẹ́ yìí mu gidigidi.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ wa ni ìyókù wà. Ọmọbìnrin tí ó ti ọjà dé, tí ó pọnmi, tí ó dáná, tí ó fọ abọ́, nígbà tí yóò fi ṣí ìwé, oorun ti gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn arákùnrin rẹ̀ bá a pín iṣẹ́ ilé. Ẹ fún un ní wákàtí méjì lálaalẹ́, pẹ̀lú iná àti ibi ìjókòó tí ó dákẹ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí Màríà Wúndíá, Ìlera àwọn aláìsàn, bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Àmín.