Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì, Ẹ Jẹ́ Kí Ara Ó Sinmi
Àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀ ni mo fẹ́ kí lówùúrọ̀ yìí: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ẹni tó gbé aláìsàn dìde, tó gún abẹ́rẹ́, tó tún pa ojú òkú dé kí ilẹ̀ tó mọ́, dandan ni kó rẹ̀ ẹ́ tara-tọkàn.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà sinmi. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, tẹ ìwé jáde lọ́dún 1929 lórí bí a ṣe ń dẹ iṣan ara. Ọ̀nà yìí kò gba owó rárá. Ẹ jókòó, ẹ di ìkúùkù yín pinpin fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5, kí ẹ wá tú u sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ gbé èjìká sókè sápá etí, ẹ jẹ́ kó wálẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ẹsẹ̀, kí ẹ máa mí kanlẹ̀. Bí iṣan bá ti ń dẹ̀, ọkàn náà á máa rọlẹ̀.

Àmọ́ bí ìbànújẹ́ bá wà lọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ 2 tí kò lọ, ẹ má dá a gbé. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn, ẹ fún àwọn nọ́ọ̀sì yín láyè ìsinmi. Ẹni tó ń tọ́jú wa yẹ lẹ́ni tí à ń tọ́jú.