Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣírò Kí Ọmọ Tó Wọlé: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga



Nígbà tí ìwé ìgbàwọlé Yunifásítì bá dé, ayọ̀ ni ó máa ń gba inú ilé kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá jó tán, ẹ jẹ́ kí a jókòó ṣírò. Àwọn ọmọ kan ń padà sílé ní ọdún kejì, kì í ṣe nítorí pé ìwé kò yé wọn, bí kò ṣe pé iye tí òbí wọn gbọ́ kọ́ ni iye tí wọ́n bá.

Èkíní, owó tí ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà nìkan kọ́ ni owó ẹ̀kọ́. Oúnjẹ wà níbẹ̀, ibùgbé wà níbẹ̀, ìwé àti owó ọkọ̀ pẹ̀lú. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá kọ wọ́n, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ wọ́n.

Èkejì, ẹ̀bùn yàtọ̀ sí ẹ̀yáwó. Ìrànlọ́wọ́ ni a ń pe àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn yóò padà wá kan ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí NELFUND ń lò. Àjọ náà ń san owó fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tààrà, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Kò ní èlé. Síbẹ̀ gbèsè ni. Bí ọdún 2 bá ti kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí ọmọ sì ti ríṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni a óò máa yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń san ìdámẹ́wàá mọ bí ìyẹn ti tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní gbogbo ìnáwó ọdún kan jẹ́ ₦600,000. Ìjọ fún ọmọ ní ẹ̀bùn ₦100,000. Ẹ̀yáwó san ₦150,000 fún ilé-ẹ̀kọ́. ₦350,000 ni ó kù tí òbí yóò wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún 4, gbèsè ọmọ di ₦600,000. Ìṣirò yìí kò ju ojú ìwé kan lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìtìjú.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí. Ní ọdún 2025, NELFUND kéde pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan gba owó náà láìsọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí ọmọ má ṣe san owó tí a ti san fún un.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan àwa fúnra wa. Bí ẹ̀ka kan bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́, kí ìwé rẹ̀ sọ iye náà, iye ọdún tí yóò fi wà, ọjọ́ tí a óò san án, àti ohun tí ó lè mú kí ó dúró. “A óò ṣe é” kì í san owó ibùgbé. Ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ nínú Ìhìnrere Lúùkù kò ṣàìní ìfẹ́ sí ilé. Ìṣirò ni kò ṣe. Kí Olúwa jẹ́ kí ilé tí a ń kọ́ sára ọmọ wa parí o. Àmín.