Ọkàn Rere Nìkan Kò Tó



Àwọn òbí kan máa ń bi wá pé, "Fádà, ọmọ tí ó ti gba oyè ní yunifásítì, kí ni ó tún fẹ́ fi oyè kejì nínú ìgbaninímọ̀ràn ṣe? Ṣé àwọn àgbà kò ti ń gbani nímọ̀ràn tipẹ́ ni?" Òótọ́ ni. Àgbà tí ó mọ ìdílé méjèèjì lè parí ìjà tọkọtaya ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdúgbò wa ní Ungwan Boro. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000 àti ti 2002, ọ̀pọ̀ Kristẹni ṣí wá sí apá gúúsù ìlú Kàdúná, àwọn mìíràn sì ti fojú rí ikú èèyàn wọn. Ẹni tí kò rí oorun sùn láti ìgbà náà, bí a bá sọ fún un pé kí ó gbàgbé, a kò ràn án lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ lè fi kún ìrora rẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ oyè kejì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ bí ẹ̀rù àti ọ̀fọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn. Yóò jókòó ti àwọn tí ó ní ìṣòro ní tòótọ́, olùkọ́ rẹ̀ yóò sì bá a yẹ ohun tí ó sọ wò. Yóò kọ́ láti gbọ́ ju kí ó sọ lọ, èyí tí ó ṣòro fún àwa àlùfáà pàápàá. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, yóò mọ̀ pé ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Barnawa ni ó kàn. Yóò sì kọ́ òfin àṣírí. Àṣírí Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ kò ṣeé tú rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, agbaninímọ̀ràn kò gbọdọ̀ dákẹ́.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Ìjọ wa. Ní ọdún 1959, àwọn Sísítà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn oníṣẹ́ lóríṣiríṣi láti wá bá àwọn ọmọbìnrin tí ń parí ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni a sábà ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìgbaninímọ̀ràn nínú ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà sí. Ní ọdún 1976 ni àwọn agbaninímọ̀ràn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, Zaria kò sì jìnnà. A mọ̀ pé owó ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tí ń dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́dọọdún lè rán ọmọ kan lọ. Bí ọmọ yín bá sì ní òun fẹ́ lọ, kí ẹ tó bi í léèrè iye owó oṣù rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó lè pa ẹnu mọ́.