Àgbá A-10 àti Ojú Awakọ̀

Àgbá ẹlẹ́nu méje tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé sí imú ọkọ̀ òfurufú A-10 lè yin ọta 3,900 ní ìṣẹ́jú kan. Fífọ́ ọkọ̀ ogun onírin kò ni í lára. Ojú awakọ̀ ni kì í yára tó o.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2003, nítòsí Básírà ní ilẹ̀ Ìráàkì, awakọ̀ A-10 méjì rí àwọ̀ ọsàn lórí àwọn ọkọ̀ ogun kan. Wọ́n ti sọ fún wọn láti ilẹ̀ pé kò sí ọ̀rẹ́ ní àdúgbò náà. Nítorí náà wọ́n rò pé ohun ìjà ọ̀tá ni. Àmì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sára ọkọ̀ wọn ni, kí ọ̀rẹ́ má baà pa ọ̀rẹ́! Ọ̀kan nínú wọn yin àgbá náà, ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kan sì kú. Ní ọdún 2007, adájọ́ tí ó wádìí ikú náà ní Oxford wí pé pípa náà lòdì sí òfin.