Ọkọ̀ Tó Ń Mísì: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Náwó

Alága ní kí n má pẹ́, torí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Púpọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ìlú yìí ló ń fi ọkọ̀ jẹun. Àwọn kan ń wa kòrópè, àwọn kan ń fi Corolla gbé èrò, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń san owó ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dùbúlẹ̀, owó yẹn ò dúró de ẹnì kankan. Ohun tí mo wá ń rí ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbọ̀n lórí sílò, tó ń mísì, tí kò fẹ́ fà mọ́, ńṣe la máa kọ́kọ́ sáré ra nǹkan. Wọ́n ní plọ́ọ̀gì ni, a ra plọ́ọ̀gì. Wọ́n ní pọ́ǹpù epo ni, a ra pọ́ǹpù. Owó á tán, ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yé fi àpò wa ṣe àyẹ̀wò.

Corolla tòkunbọ̀ 2003 sí 2008 ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, torí òun ló pọ̀ lọ́wọ́ wa. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, kọ́ìlì mẹ́rin tó jókòó lé plọ́ọ̀gì lórí, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá jó epo rẹ̀ dáadáa, mẹ́ta á máa ru ẹrù mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Iṣẹ́ wa ni ká mọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ kọ́kọ́ wo iná “check engine”. Bó bá kàn tàn tí kò ṣẹ́jú, ẹ lè rọra wà á délé. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ páàkì o! Epo tí kò jó ń wọ inú sálénsà lọ nìyẹn, ó sì ń ba catalytic converter jẹ́. Owó ìyẹn ju ti kọ́ìlì lọ fíìfíì.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú skánà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà, tó ní ihò wẹ́wẹ́ 16. Ẹ ki skánà kékeré bọ̀ ọ́, irú èyí tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. P0301 ń sọ pé sílíńdà kìíní ló ń mísì, P0302 ni ìkejì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé P0304. P0300 ní tirẹ̀, ó ń mísì káàkiri ni. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ká ní P0302 ló jáde. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbé kọ́ìlì kejì sí ipò kẹta, kí ẹ gbé ti kẹta wá sí ìkejì. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ sítáàtì ọkọ̀, ẹ tún skáàn. Bó bá di P0303, ẹjọ́ ti parí: kọ́ìlì yẹn ló kú. Ọ̀kan péré lẹ máa rà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta mẹ́rin fún yín. Bó bá dúró sí P0302, ẹ pààrọ̀ ipò plọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ náà. Bí kò bá tún sún, ó kù sọ́wọ́ injector tàbí compression. Ìyẹn ti kúrò ní iṣẹ́ àgbàlá, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti rí fún un. Mẹkáníìkì gidi á dúpẹ́. Èyí tó bá ń bínú pé ẹ yẹ ọkọ̀ yín wò, ẹ fura sí i.

Bí plọ́ọ̀gì bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Àwọ̀ tíì tí a bu mílíìkì sí, ó dáa. Dúdú gbígbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ lọ wo fílítà afẹ́fẹ́. Bó bá rin fún ọ́ìlì, ẹ yẹ ihò tó wà wò dáadáa: ó lè jẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló ń jò sínú ihò, kọ́ìlì tuntun tí ẹ bá sì fi síbẹ̀ lè tún bàjẹ́. Ìka lẹ máa fi kọ́kọ́ wé plọ́ọ̀gì padà kí sípánà tó kàn án. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn, bí téèdì rẹ̀ bá jẹ, ẹkún ni.

P0171 ńkọ́? Afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nìyẹn. Ẹ tẹ́tí sí ibi tó ń dún ṣììì, ẹ yẹ rọ́bà tó ti ibi fílítà wọ ẹ́ńjìnnì wò bóyá ó ti sán. Ẹ má fọ́n epo sára ẹ́ńjìnnì tó gbóná láti fi wá ibi tó ń jò. Mo ti rí àwọn tó ń ṣe é, iná ni wọ́n ń pè. Àti àwọn tó ń fi omi alágbára fọ ẹ́ńjìnnì, omi ń wọ ihò plọ́ọ̀gì o. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mísì lọ́jọ́ kejì ìfọkọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí. Èéfín ọkọ̀ nínú gáréèjì tí a tì ń pa èèyàn, afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ kò sì ní òórùn tẹ́ ẹ máa fi mọ̀.

Ohun tí mo wá ń bẹ ẹgbẹ́ fún ni skánà méjì. Kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé nílé, kí ìkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ka Èkó. Ẹni tó bá yá a, kó kọ orúkọ sílẹ̀, kó dá a padà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti ṣetán láti san ìdajì owó rẹ̀, ìdajì tó kù ló wà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà.