Àárò Sinimá Àtijọ́ àti Ẹrù Tó Wà Lọ́wọ́ Wa

    

Wọ́n ní kí n bá ẹ̀yin ọmọ Mọ́níyà àti agbègbè Ìbàdàn tí ẹ wà ní London sọ̀rọ̀ lórí àárò àtijọ́: sinimá àtijọ́, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ìgbé ayé ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa wà ní kékeré. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà á, torí mo ti kíyè sí i pé níbi tí ọmọ Yorùbá mẹ́ta bá ti pàdé nílẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ẹ́ dé. Ẹnì kan á dárúkọ Bàbá Sàlá aláwàdà, ẹlòmíràn á ní ṣé ẹ rántí eré tẹlifíṣọ̀n Kóòtù Aṣípa, kí a tó mọ̀, oúnjẹ á ti tutù nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ fún yín. Àwọn ohun tí àárò wọn ń sọ wá yìí ń ṣègbé, díẹ̀ nínú èyí tó ṣẹ́ kù sì wà nílé ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè, láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, n'Ìbàdàn. "Àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà" ni wọ́n fi ń yangàn nígbà náà. Ìjà ọ̀rọ̀ wà nídìí rẹ̀ o. Lọ́dún 1953, gómìnà òyìnbó bu ẹnu àtẹ́ lu Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ lórí rédíò, Olóyè ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì, wọn kò gbà. Nígbà tí agbára dé ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè ń darí, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pọ̀. Màmá Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn rí nínú rẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, akéwì àti òǹkọ̀wé ńlá yẹn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ fíìmù ni wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́: kí ó máa gé e, kí ó máa tò ó, kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró lọ́kàn yín díẹ̀.

Ní Mọ́níyà àti àwọn abúlé ẹ̀yìn rẹ̀, ta ló ní tẹlifíṣọ̀n nígbà náà? Ẹnì kan ṣoṣo lè ní in ní àdúgbò. Àpótí onígi ni, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn pẹ́pẹ́pẹ́ níwájú, tí baálé ilé ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Àwọn ọmọdé á ti parí iṣẹ́ ilé kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pọn omi, wọ́n á gbálẹ̀ fún ẹni tó ni tẹlifíṣọ̀n kí onítọ̀hún má bàa lé wọn lójú fèrèsé. Bí kò bá síná, bátìrì mọ́tò ni àwọn tó lówó fi ń wò ó. Bàbá Sàlá á yọ, Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gíláàsì gbàgẹ̀rẹ̀ lójú àti ṣòkòtò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èèyàn méjì, ilé á sì wó fún ẹ̀rín. Bóyá ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ̀ pé olórin ni bàbá náà kó tó di aláwàdà, inú ẹgbẹ́ orin rẹ̀ sì ni King Sunny Adé ti kọ́kọ́ ta gìtá gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Oyin Adéjọbí dé pẹ̀lú Kóòtù Aṣípa, tí àwọn àgbà yóò máa dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó dá a. Fádèyí Olóró dé nínú eré Àrélù, àwọn ọmọ kékeré sì ń fi ìbẹ̀rù orúkọ rẹ̀ jẹun.

Sinimá ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù Íńdíà tàbí ti ará Ṣáínà, ìgboro Ìbàdàn ni yóò wọkọ̀ lọ, sí Scala tàbí Odeon. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn eléré tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù, àwọn ni wọ́n gbé e wá bá wa. Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ́sà, tó ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri láti àárín ọdún 1940 sí 1950, gbé fíìmù Ayé jáde lọ́dún 1979, Jáyésinmi tẹ̀ lé e lọ́dún 1980. Nígbà tí Ayé dé ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé gbohùngbohùn lé lórí ló kọ́kọ́ wọlé lọ́sàn-án, tó ń polówó láti ìdí ọjà. Nígbà tí yóò fi di alẹ́, gbọ̀ngàn ilé-ìwé ti kún dé ojú fèrèsé. Wọ́n ta aṣọ funfun síwájú, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ògiri, ọkùnrin tó ń yí fíìmù fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Bí róòlù kan bá tán, òkùnkùn á bo ibi gbogbo, ariwo á ta, àwọn ìyá ẹlẹ́pà á máa tajà nínú òkùnkùn yẹn, wọn kì í sì í ṣì owó gbà. Nígbà tí àwọn àjẹ́ dé ojú aṣọ, ìyá kan tó jókòó níwájú mi fi ìborùn bo ojú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mójú kúrò. Nígbà tí a jáde, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá rìn. Àwa tí ilé wa wà lójú ọ̀nà abúlé dúró de ara wa títí a fi pé.

Àwọn tó ni fíìmù ló ń gbé e kiri fúnra wọn. Òkèèrè ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, tí wọ́n sì ti ń tẹ ẹ̀dà rẹ̀, owó ńlá ni, ẹ̀dà kì í sì í pọ̀. Bí wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíràn, ó lè lọ ṣe àdàkọ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá gan-an nìyẹn. Ó kó owó rẹ̀ lé Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982, kó tó rí owó náà kó padà, àwọn kan ti da fíìmù náà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri. Gbèsè tó ti ibẹ̀ wá bá bàbá jà fún ọdún pípẹ́. Ó kú ní Iléṣà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Olè ni àwọn tó ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè fún wọn, àwa tí a sì ra kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ wọn jẹ nínú ẹ̀bi náà.

Bí ẹnì kan bá ń sọ fún yín pé gbogbo àtijọ́ ló dára, ẹ má gbà á gbọ́. Ní abúlé oko Ìbàdàn, omi odò ni à ń mu, sòbìà sì ń jáde lẹ́sẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ní àsìkò iṣẹ́ gan-an, tí ọkùnrin tó lágbára á máa fi ìdí wọ́lẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ọdún 2008 ni wọ́n rí sòbìà gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán pátá. Èmi kò fẹ́ kí àsìkò náà padà. Tẹlifíṣọ̀n kan náà tí a ń yọ̀ mọ́ ló wà nígbà tí àwọn èèyàn ń dá iná sun ilé ara wọn nínú rògbòdìyàn òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1965. Ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ mí ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn àti bí a ṣe ń wò ó pọ̀.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ wo òǹkọ̀wé Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Abúlé Lábọ̀dé, lẹ́bàá Ìbàdàn níbẹ̀, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1939. Ọmọ abúlé bíi tiwa ló kọ ìwé Ó Le Kú, tó ti inú rẹ̀ sọ ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tí olùdarí fíìmù Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1997, àwọn ọmọge tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìró kékeré tó mọ orúnkún, bí àwọn ìyá wọn ṣe ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì sọ aṣọ náà ní orúkọ fíìmù yẹn. Àárò ìgbà kan ló bí fíìmù náà. Lónìí, fíìmù ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti di ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún. Fíìmù Ṣaworoidẹ tí ó jáde lọ́dún 1999 ti di àtijọ́ lójú àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà.

Wàyí o, níbo ni àwọn nǹkan wọ̀nyí wà? Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eré àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Agodi ń lọ sórí afẹ́fẹ́, wọn kò gbà á sílẹ̀. Nígbà tí téèpù dé, ó wọ́n gógó, wọ́n sì ń pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ láti gba nǹkan mìíràn sí i. Fíìmù pẹ̀lú kì í fẹ́ ooru. Bó bá pẹ́ nínú yàrá gbígbóná, á súnkì, á máa rùn bíi ọtí kíkan, lẹ́yìn náà kò ní ṣeé yí mọ́. Irú iṣẹ́ tí wọ́n fi lé Fálétí lọ́wọ́ lọ́dún 1959 kò rí ẹni pọ̀ tó máa ṣe é lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. BBC, bí wọ́n ṣe lówó tó, pa ọ̀pọ̀ eré wọn rẹ́ láàárín ọdún 1960 sí 1980, títí kan eré Doctor Who tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí fẹ́ràn. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti rí mẹ́sàn-án he nínú èyí tó sọnù? Ìlú Jos ni! Nàìjíríà! Inú yàrá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀ ni róòlù fíìmù wọ̀nyẹn wà láti ìgbà tí òyìnbó ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa, tí eruku bò wọ́n. Ọdún 2013 ni wọ́n kéde rẹ̀, tí inú gbogbo wọn ń dùn. Àwọn tí wọn kò sì rí àwòrán wọn títí dòní, ohùn wọn ṣì wà, torí àwọn ọmọdé kan gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé bàbá wọn nígbà náà. Ní Jos kan náà, nínú ilé ìkófíìmùsí ìjọba, ni wọ́n tún ti rí Shaihu Umar, fíìmù Hausa ọdún 1976 tí wọ́n rò pé ó ti ṣègbé. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn nílùú Berlin lọ́dún 2018.

Bí ohun tó sọnù ní London bá lè wà ní Jos, kí ló dé tí ohun tó sọnù ní Ìbàdàn kò fi lè wà nílùú òyìnbó níbí? Ọ̀pọ̀ yín dé síbí láàárín ọdún 1970 sí 1990. Ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì dání. Ẹ̀gbọ́n yín ní ilé gba eré tẹlifíṣọ̀n sínú téèpù, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ wá kí ẹ lè rí nǹkan wò. Ẹ gbé ewì Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti ti Láńrewájú Adépọ̀jù dání. Bóyá ìyá yín gbé Atọ́ka dání, ìwé ìròyìn alárinrin yẹn tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1967, tó jẹ́ fọ́tò àwọn eléré ni wọ́n fi ń sọ ìtàn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wà lára fọ́tò. Ní abúlé, ẹ̀dà kan á yí ká ilé mẹ́wàá, ẹ̀yìn ìwé á ti já, àwọn ojú ewé àárín á ti rọ̀ bí aṣọ, wọ́n á ṣì máa kà á. Ẹ̀dà yẹn lè máà sí nílé mọ́. Ó lè wà nínú àpótí yín.

Bí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré kì í bọ ẹ̀rọ. Téèpù tí èbu ti bò yóò ba ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ náà yóò sì já a. Ẹ fi sí ibi tútù, tó gbẹ, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ wa lè sanwó ìyẹn, ó kéré sí owó tí a fi ń rán aṣọ ẹbí àpéjọ yìí. Àwọn bàbá àti ìyá tó jókòó síwájú níbí náà ńkọ́? Orí wọn kún ju àpótí lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè ilé ta ni tẹlifíṣọ̀n wà, eré wo ni wọ́n wò, ta ló ṣe é, orin wo ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́ bó ṣe dùn mọ́ wọn.

Torí Mọ́níyà tó wà lọ́kàn yín kò sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2021, wọ́n ṣí ọ̀nà reluwé tuntun láti Èkó dé Mọ́níyà, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ. Ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n oko tí a ti ń já ewé ti di pulọ́ọ̀tì, wọ́n ti mọ odi yí i ká, ẹni tó dé láti òkèèrè á béèrè ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. A kò lè dá ìlú dúró, a kò sì gbọ́dọ̀ gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn wa fi ọwọ́ wọn ṣe, tí a fi ojú wa wò, ó yẹ kí ọmọ ọmọ wa rí i.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990 ni Ògúndé kú, ní London níbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú yìí nígbà náà, tí ẹ ní fọ́tò rẹ̀, ìwé àwọn eré rẹ̀, tàbí téèpù ohùn rẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Tábìlì kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, ìwé sì wà lórí rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbí lálẹ́ òní, ẹ kọ orúkọ yín àti ohun tí ẹ rò pé ó wà nílé yín síbẹ̀. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ lọ ṣí àpótí lọ́la, kí ẹ sì pe akọ̀wé.